Ikọ́ Ojú Ìwé Kẹsàn-án

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé tí a ń kọ orúkọ sí lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń méfò. Aago méje òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo wọlé. Nígbà tí ó di aago méje géérégé, iná pupa tí ó ń fi hàn pé a ti wà lórí afẹ́fẹ́ tàn lókè ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn fún àwọn tí kò ríran.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi ń jẹun. Ọ̀fẹ́ ni mo ń kàwé lórí rédíò, ní òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi. Yàrá méjì péré ni ilé iṣẹ́ rédíò náà, lókè ilé ìtajà kan tí ó ti kógbá sílé. A fi tìmùtìmù àlòkù bo ògiri ọ̀kan nínú yàrá náà kí ariwo ìgboro má baà wọlé. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún wa lọ́dọọdún ni a fi ń san owó ilé, owó iná, àti owó oṣù ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń gbowó níbẹ̀, ìyẹn Ẹlẹ́rọ, ọkùnrin tí ó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ. Bí owó náà bá dúró, rédíò náà yóò dákẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ èyí láàárín wa.

Obìnrin ni ọ̀gá wa, òun náà kò sì ríran láti kékeré. Ìyá Ìlànà ni a ń pè é lẹ́yìn, ó sì mọ̀. Ìlànà mẹ́ta ni ó fún gbogbo òǹkàwé. Èkíní, ka ohun tí ó wà níbẹ̀. Má yọ, má sì fi kún un. Èkejì, bí o bá fẹ́ ṣí ojú ìwé, ṣí i nítòsí máìkì kí ó dún, kí olùgbọ́ lè mọ ibi tí a dé. Ẹ̀kẹta, bí o bá rí ohun tí o kò lè kà, sọ fún wọn pé ohun kan wà níbẹ̀ tí o kò lè kà.

"Wọ́n á wá ẹni tó máa bá wọn kà á," ni ó máa ń wí. "Àmọ́ tí o ò bá sọ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó wà?"

Ìlànà kẹta yìí ni n kò pa mọ́ rí. Kíláàsì karùn-ún ni mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń tì mí lójú. Ohùn mi dára, àwọn ènìyàn máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ mi lórí rédíò lè rò pé mo kàwé dé ibi gíga. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, mo ṣi ọjọ́ kà. Ọjọ́ kẹrìnlélógún ni wọn yóò san owó àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì. Ọjọ́ kẹrìnlá ni mo kà. Àwọn arúgbó lọ dúró nínú òjò lẹ́nu ọ́fíìsì tí wọ́n ti tì pa. Bàbá kan tí ó ti ṣe bíríkìlà rí, kí ojú rẹ̀ tó lọ, tẹ̀ wá láago lọ́jọ́ kejì.

"Télọ̀ wa, ṣé bí o ṣe ń gé ṣòkòtò oníbàárà rẹ nìyẹn? O fi odidi ọjọ́ mẹ́wàá gé e kúrú!"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ni mo ti pinnu nínú ara mi pé ó sàn kí n fo nǹkan ju kí n ṣì í kà lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ń wí yìí, mo dé ojú ìwé kẹsàn-án. Mo ka ìròyìn afárá tí wọ́n ń tún ṣe. Mo ka ti ajá tí ó sọnù. Ní ìsàlẹ̀, nínú àpótí tí wọ́n fi ilà dúdú yí ká, ni mo rí àkọlé kan: Ìkéde Ìjọba. Lẹ́tà rẹ̀ wínníwínní bí ẹyin èèrà. Ìlà àkọ́kọ́ kún fún abala àti ìpín, wọ́n sì fi lẹ́tà kọ àwọn nọ́mbà inú rẹ̀, irú nọ́mbà tí ó máa ń wà lójú aago àtijọ́. Ọdún tí mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni wọn ì bá kọ́ mi ní irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀. Mo wo aago. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo ṣí ojú ìwé kẹwàá, mo jẹ́ kí ó dún dáadáa, mo sì ka bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí.

N kò ka ìyókù ìkéde náà, àní nínú ọkàn mi. N kò fi èyí ṣe àwáwí. Bí mo bá ti fi ojú sáré kà á dé ìlà kẹta péré, ǹ bá ti rí orúkọ ilé iṣẹ́ wa níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́fà kọjá. Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí ilé iṣẹ́ láti fi aṣọ fèrèsé tuntun tí mo rán kọ́. Orí àga ni mo wà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu, nígbà tí Ìyá Ìlànà jáde pẹ̀lú àpò ìwé kan lọ́wọ́.

"Télọ̀, sọ̀ kalẹ̀ jàre. Èyí ò ní àmì tí mo lè fi ìka kà. Kà á fún mi."

Mo yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, mo sì ṣí lẹ́tà náà. Ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń fún wa lówó ni ó kọ ọ́. Ohun tí ó wà níbẹ̀ nìyí, n kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ nísinsìnyí: "A ti fi ìkéde síta nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ojú ìwé kẹsàn-án, pé kí àwọn tí ó ń jàǹfààní iṣẹ́ yín sọ èrò wọn fún wa láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. A kò rí èsì ẹyọ kan. Nítorí náà ìjọba gbà pé àwọn ènìyàn kò nílò iṣẹ́ náà mọ́. Owó ìrànwọ́ yóò dúró ní ìparí oṣù yìí."

Mo ti fi ojú rí i kí ẹnu mi tó débẹ̀. Ojú ìwé kẹsàn-án. Ìyá Ìlànà dúró níwájú mi, ó yí etí rẹ̀ ọ̀tún sí mi bí ó ti máa ń ṣe. Mo wúkọ́ díẹ̀, mo sì kà á báyìí: "A ti fi ìkéde síta pé kí àwọn tí ó ń jàǹfààní iṣẹ́ yín sọ èrò wọn fún wa láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá."

Mo ka ìyókù láìyọ nǹkan kan.

Ó wá àga lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó. "Níbo ni wọ́n fi ìkéde ọ̀hún síta?"

"Wọn ò sọ, mà."

"Ẹyọ kan? Ẹnì kan ṣoṣo ò dáhùn?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá ni a ti ń kàwé fún wọn, Télọ̀. Ọdún mọ́kànlá. Wọn ò lè la ẹnu sọ pé à ń ṣe nǹkan kan."

Mo padà gun orí àga, mo sì parí aṣọ fèrèsé náà. N kò mọ bí mo ṣe fi í kọ́. Ọwọ́ mi ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ka ìwé ìròyìn tán, Ìyá Ìlànà gba máìkì. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún àwọn olùgbọ́. Kò bú wọn. Ì bá sàn fún mi bí ó bá bú wọn. Ó kàn ní kí wọ́n pè, kí wọ́n wí ohun tí ilé iṣẹ́ wa fi ṣẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ dìde lọ, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rọ ti ti ilẹ̀kùn, iná pupa sì ń jó, n kò lè jáde láìdá ariwo sílẹ̀.

Bàbá Bíríkìlà ni ó kọ́kọ́ pè. Kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bóyá ìgbà tí mo lọ wẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Mo máa ń gbé rédíò dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ṣùgbọ́n omi máa ń pariwo. Ẹ̀bi mi ni."

Obìnrin kan pè, ó ní bátìrì rédíò òun kú lọ́sẹ̀ kan, òun kò sì tètè rí ẹni bá òun rà á. Ó ń sunkún. Ó ní òun gan-an ni òun ba nǹkan jẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹlòmíràn ní etí òun kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ìpè mọ́kàndínlógún ni ó wọlé; mo kà wọ́n. Gbogbo wọn ni ó ń wá ibi tí ẹ̀bi náà ti wọlé lára àwọn fúnra wọn, èmi tí mo gbé e lọ́wọ́ sì jókòó láàárín yàrá, mo ń wo bàtà mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ti ṣọ́ọ̀bù gba ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ. Òun náà kò ríran. Ní ilé ìwòsàn, òun ni ó ń dáhùn ìpè tẹlifóònù, ó sì ti délé ní aago méjì. Ó tú àpò bọ́tìnnì mi sórí tábìlì, ó ń fi ìka ṣà wọ́n sínú agolo bí ó ti máa ń bá mi ṣe é: oníhò méjì lọ́tọ̀, oníhò mẹ́rin lọ́tọ̀.

"Mo gbọ́ ètò yín," ni ó wí, kò gbé orí sókè. "Wọ́n ní ìkéde. Ìkéde wo? Níbo?"

"Wọn ò sọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Hẹn-ẹn." Bọ́tìnnì mẹ́ta bọ́ sínú agolo. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí òní. O ka ti afárá. O ka ti ajá. O wúkọ́, o sì ṣí ìwé."

Ọwọ́ mi gbá bọ́tìnnì méjì bọ́ sílẹ̀.

"Àbí o rò pé mi ò mọ̀? Láti kíláàsì kẹta tí o ti ń kàwé sí mi létí ni o ti ń wúkọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ọ̀fun á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́. Ọ̀fun tí kò dùn ọ́ tí o bá ń jẹun!"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ láti ọjọ́ yìí?"

"Kí n sọ, kí ojú tì ọ́, kí o má kàwé fún mi mọ́? Ta ni ǹ bá rí?" Ó dáwọ́ dúró. "Tí o bá ti wúkọ́, mo máa ń ní kí ọmọge tó wà ní yàrá káàdì bá mi wo ojú ìwé náà níbi iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi dí. Mo ní bóyá ìpolówó ilẹ̀ ni, mo sì fi sílẹ̀. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Má rò pé ìwọ nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo ìpè mọ́kàndínlógún lọ. Mo wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo sì sọ fún un pé mo ti parọ́ fún ọ̀gá mi pẹ̀lú, pé lẹ́tà náà dárúkọ ojú ìwé kẹsàn-án.

"Lọ sọ fún un."

"Ojú á tì mí kú."

"Jẹ́ kó tì ọ́ níbí báyìí, kó lè rọlẹ̀ kí o tó débẹ̀. Dìde. O ń tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀."

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, kì í ṣe ọjọ́ tèmi láti kàwé, ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ kò tíì lù tí mo fi dé ilé iṣẹ́. Ìyá Ìlànà jókòó, ó ń fi ìka ka àwọn ìwé tí yóò kó sínú páálí. Ẹlẹ́rọ ń tú wáyà. Mo kúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí i, mo sì wí gbogbo rẹ̀, láti orí ìkéde dé orí irọ́.

Ó gbọ́ mi tán. Ó na ọwọ́ sí orí tábìlì, ó wá lẹ́tà náà kàn, ó sì nà án sí mi.

"Kà á. Gbogbo rẹ̀."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ojú ìwé kẹsàn-án, mo kà á ketekete. Ẹlẹ́rọ fi wáyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ikọ́ yẹn! Èmi tí mo ń gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ṣe bí eruku yàrá yìí ni. Mo tiẹ̀ ti ra ìgbálẹ̀ tuntun."

"Ohùn ọjọ́ náà ńkọ́?" ni Ìyá Ìlànà bi í. "Ṣé ó ṣì wà?"

Ẹlẹ́rọ sáré lọ sídìí ẹ̀rọ. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ẹ̀rọ wa ń pa ohùn mọ́, lẹ́yìn náà yóò pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ kí ó lè rí àyè gba tuntun. "Ó wà. Ọ̀la ni ìbá lọ."

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Ìjọba kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbọ́ bí a bá wí pé àwọn olùgbọ́ kò gbọ́ ìkéde náà. Ṣùgbọ́n ohùn mi wà níbẹ̀, tí ó ń fò ó. Ìtìjú mi nìkan ni ẹ̀rí tí a ní, ó sì ku ọjọ́ kan kí ó parẹ́. Bí mo bá ti dúró di Ọjọ́bọ̀, ǹ bá wà láìlẹ́bi lójú gbogbo ayé, rédíò náà ì bá sì kú.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o," ni ọ̀gá mi wí. "Wá mú mi lọ."

Ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, a sì rìn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba náà. Ní ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Àtẹ̀gùn mélòó?"

"Mẹ́jọ, mà."

Ó fi ọ̀pá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ti ń gùn ún, ó ń kà á sábẹ́ ètè. Ní òkè, ó mí. "Mẹ́jọ ni lóòótọ́." Kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan rí tí ó ka àtẹ̀gùn lẹ́yìn mi.

Akọ̀wé tí ó gbà wá jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó to pẹ́ńsù mẹ́ta sápò. Ẹlẹ́rọ ti fi ohùn náà sínú ẹ̀rọ kékeré kan fún wa. A gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Ohùn mi jáde: afárá, ajá. Lẹ́yìn náà ikọ́. Lẹ́yìn náà ìró ojú ìwé, tí ó dún fáàà, lẹ́yìn náà òjò díẹ̀ yóò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Akọ̀wé náà ṣí ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, ó fi ìka tẹ àpótí onílà dúdú, ó sì tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Ta ló ń kàwé níbí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé tí ẹ fi fò ó?"

"N kò lè ka àwọn nọ́mbà tó wà níbẹ̀, sà. Ojú sì tì mí láti sọ."

Ó wò mí, ó wo Ìyá Ìlànà. Ìyá Ìlànà ni ó dá akọ̀wé náà lóhùn kí ó tó tún bi mí ní nǹkan mìíràn.

"Ọmọ mi, ẹ̀bi Télọ̀ nìyẹn, ó sì ti gbé e. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tiyín. Ẹ fẹ́ bá afọ́jú sọ̀rọ̀, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ní lẹ́tà wínníwínní. Ta ni ẹ fẹ́ kó rí i?"

Akọ̀wé náà tún pẹ́ńsù inú àpò rẹ̀ tò. Ó ní òun yóò bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n pè wá. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ mẹ́wàá sí i. A gbọ́dọ̀ ka ìkéde náà lórí rédíò ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn olùgbọ́ sì lè fi tẹlifóònù dáhùn. Wọn kò ṣèlérí pé owó náà yóò padà wá. Mo wí fún Ìyá Ìlànà pé kí ó gbé e fún ẹlòmíràn tí ó kàwé dáadáa.

"Ìwọ lo fò ó," ni ó wí. "Ìwọ lo máa kà á."

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́ mi ní nọ́mbà onílẹ́tà náà. Ó da páálí ìṣáná sórí tábìlì láàárín àwọn agolo bọ́tìnnì, ó gbé igi méjì sọdá ara wọn, ó ní ẹ̀wá nìyẹn. Ó jẹ́ kí méjì mìíràn pàdé ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n ya ní òkè, ó ní àrún. Ó to igi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ení. "Ẹ̀wá, àrún, ẹyọ méjì. Mélòó?"

"Ẹ̀tàdínlógún."

"Ṣé ìyẹn lo tìtorí ẹ̀ ń wúkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí iná pupa tàn ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo kọ́kọ́ wí fún wọn pé èmi ni mo fo ìkéde náà, pé kò sí ẹni tí ó wà ní balùwẹ̀, kò sì sí bátìrì tí ó kú tí ó jẹ̀bi. Mo ṣí ìwé náà kí ó dún. Mo kà á: abala kẹtàdínlógún, ìpín kẹrin, ẹsẹ kẹsàn-án. Ní àárín ìlà kẹfà, ọ̀fun mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ìyún gidi, bóyá eruku ìgbálẹ̀ Ẹlẹ́rọ ni. Bí mo bá wúkọ́, wọn yóò rò pé mo tún ti fo nǹkan. Mo mú un mọ́ra. Omi ń bọ́ lójú mi sórí ìwé náà, mo ń kà á lọ. Mo dé ibi tí ó parí sí. Mo wí pé, "Mo ti kà á tán. N kò yọ ohunkóhun." Lẹ́yìn náà ni mo tó yí ojú kúrò nídìí máìkì, mo sì wúkọ́ títí ẹ̀gbẹ́ mi fi dùn mí.

Tẹlifóònù dún kí n tó gbé orí sókè. Bàbá Bíríkìlà ni.

"Télọ̀, a gbọ́. Inú mi ò tíì dùn sí ọ o, máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ikọ́ tí mo gbọ́ yẹn, lẹ́yìn rẹ̀ àbí kí o tó parí?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni, bàbá."

"Kò dá mi lójú. Tún un kà, láti òkè."

Mo mu omi díẹ̀. Mo pa ìwé náà dé, mo tún ṣí i nítòsí máìkì, mo sì jẹ́ kí ó dún.